Aṣọ Tí Kò Ní Inú

Mo ń fa ẹsẹ̀ aṣọ náà, ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀ ń fa orí rẹ̀, a ò sì bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn nígbà tó wà láyé. Iṣẹ́ aṣọ lílù ni iṣẹ́ wa ní Ìsẹ̀yìn. Bí ahunṣọ bá hun òfì tán, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé e wá. A ó fín omi sí i, a ó nà án láàárín ara wa, a ó ká a sórí ìtì igi. Lẹ́yìn náà a ó jókòó kọjú síra wa, a ó máa fi òòlù onígi lù ú títí yóò fi tẹ́ tí yóò sì máa dán. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Èmi ni mo bọ́ sínú sàréè tí mo gba orí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rántí èyí bí mo ti ń fa aṣọ lọ. Kò yà mí lẹ́nu pé ó dìde. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó sanra.

"Ọwọ́ rẹ ṣì rọ̀, Ràfíù," ó wí. "Bí ọwọ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín."

"Ẹ̀yin náà ẹ sanra."

"Kò sí iṣẹ́ níbẹ̀ ni."

Aṣọ náà dúdú, ṣùgbọ́n kì í ṣe dúdú aró. Dúdú inú pẹ́ńsù ni, ó sì fẹ́lẹ́ bí òjìji lórí omi. Ẹ̀gbọ́n mi ní inú pẹ́ńsù náà ni wọ́n ti mú un. Ó ní ohun tó wà nínú pẹ́ńsù kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Aṣọ lórí aṣọ ni, bí a ti ń to òfì sínú àpótí. Bí ọmọdé bá ń fi kọ̀wé, aṣọ ló ń bọ́ sílẹ̀ lórí ìwé. Ó ní ẹnì kan jókòó lọ́dọ̀ àwọn òkú, ó ń ṣí i kúrò lórí ara wọn, títí ó fi ku ẹyọ kan tí kò ṣe é ṣí mọ́. Ẹyọ yẹn ló wà lọ́wọ́ wa.

"Kí ló fi ń ṣí i?"

"Sẹ́lótéèpù."

"Níbo lẹ ti rí sẹ́lótéèpù?"

"Àwọn ọmọléèwé náà ń kú," ó wí.

Mo tẹ orí ba, mo wo aṣọ náà láti ẹ̀gbẹ́. N kò rí i. Láti òkè, ó fẹ̀ tó àgbàlá. Láti ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ ni mo rí, àti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó di òfo mú. Kò wúwo rárá. Bí a kò bá fà á, ọwọ́ wa kò mọ̀ pé a mú ohunkóhun dání.

Inú ilé wa la wà, ní àgbàlá ẹ̀yìn, níbi tí ìtì igi máa ń wà. Àgbàlá náà di mọ́ṣáláṣí fún ìgbà díẹ̀, a sì ń fa aṣọ lọ láàárín àwọn òpó. Lẹ́yìn náà mọ́ṣáláṣí lọ, àgbàlá padà, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ jìn sísàlẹ̀ ju apá kejì lọ. Apá tó jìn ni ẹ̀gbọ́n mi dúró sí. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ tèmi oòrùn ń ràn. Ìlà tó pín wọn hàn gbangba lórí ilẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi omi gbá ìdajì ilé.

Òòlù mi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì igi. Òòlù náà ní òun kò ní lu aṣọ yìí. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ti gbìyànjú kí n tó dé, òun kò bá nǹkan kan pàdé títí òun fi kan igi.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n ló ń di orí aṣọ mú, àbúrò a di ẹsẹ̀ rẹ̀. Àbúrò kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n yóò fi wí pé ó tó. Bí àbúrò bá kọ́kọ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n a ṣubú sẹ́yìn. Bàbá wa máa ń sọ pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàyè. N kò ṣe é rí.

"Ìgbà wo ni yóò tó?" mo bi í.

"Bó bá tẹ́."

"Ta ló ni ín?"

"Àwa ni. Ọ̀dọ̀ wa kò ní òrùlé, Ràfíù. Òjò ń pa wá. Wọ́n ní bí mo bá mú èyí wá tó tẹ́, tí kò ní ìhunjọ kankan, àwọn yóò nà án bo gbogbo wa."

"Aṣọ yìí?"

"Ó le ju irin lọ. Omi kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Atẹ́gùn gan-an kì í gbà á kọjá."

Omi ń kán láti etí apá agbádá rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Awọ ọwọ́ tèmi ti hunjọ, ọjọ́ ogbó ni. Awọ tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán bí òfì tó kúrò lórí igi. Ó rí i pé mò ń wò ó.

"Wọ́n ti lu tèmi," ó wí.

A sọ aṣọ náà kalẹ̀ díẹ̀ kí apá wa lè sinmi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ìgbà náà ni Mùíbátù wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ọmọ mi ni. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tí mo bí. Ó wà láyé, ó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ó gbé abọ́ ọ̀ọ̀lẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Láti ẹ̀gbẹ́ tó gbà wọlé, kò sí aṣọ kankan láti rí. N kò tíì la ẹnu tí ó fi gbé ẹsẹ̀ lé e. Aṣọ náà gbà á. Ó rìn dé àárín rẹ̀, ó rí ẹ̀gbọ́n mi, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Àtọ́kẹ́," ẹ̀gbọ́n mi wí. Oríkì rẹ̀ nìyẹn. "O ti dàgbà."

"Ẹ̀yin ni ẹ ò rí mi láti ọjọ́ yìí."

"Òótọ́ ni. Ojú ọ̀nà ò dáa."

"Mùíbátù, jáde níbẹ̀," mo wí.

"Bàbá, mo ṣì ń kí àgbà. Ilẹ̀ yín rọ̀ o. Ṣé ẹ ti ra tìmùtìmù ni?"

Nígbà tó fẹ́ dìde, kò rí ibi tí yóò fi ọwọ́ tì. Ìtì igi tó wà lábẹ́ aṣọ ti di kànga. N kò rí ìgbà tó di bẹ́ẹ̀. Ẹnu kànga náà fẹ̀ débi tó fi jẹ́ pé etí rẹ̀ kan ẹsẹ̀ mi ní ìhín, ó kan ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀hún. Mo rí inú kànga náà láti orí aṣọ, nítorí ojú ń ríran kọjá lára aṣọ náà. Kò sí omi níbẹ̀. Òkùnkùn ni, ó sì ń lọ sísàlẹ̀ ṣáá.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí aṣọ sókè. Èmi náà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi wà láàárín wa lórí ohun tí kò nípọn tó èémí.

"Fà á," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ó ti ń hunjọ."

Mo fà á. Gbogbo aṣọ tí mo fà láyé mi, bí mo bá fà á ni ìhunjọ rẹ̀ ń lọ. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo ti fà á ni ìhunjọ dé sí i, gígùn, láti ọwọ́ mi lọ sí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, bí iṣan ọrùn ẹni tó ń sunkún. Mo rò pé n kò fà á tó. Mo tún fà á. Ìhunjọ náà jìn sí i, ó di poro, bíi ti oko, poro lẹ́gbẹ̀ẹ́ poro. Mùíbátù wà nínú èyí tó wà láàárín. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló jìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, mò ń yọ̀ lọ."

"Dúró jẹ́ẹ́."

"Mo dúró jẹ́ẹ́. Nǹkan yìí ni kò dúró."

Mo ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó ń lu aṣọ máa ń ṣe bí aṣọ bá ń ṣe agídí. Mo tẹ ẹnu ba igbá omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fa omi sí ẹnu, mo sì fín in sí aṣọ. Òfì a mu omi, ara rẹ̀ a sì rọlẹ̀. Èyí kò mu ún. Omi náà kóra jọ, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú poro tí ọmọ mi wà, poro náà sì ń yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mùíbátù ti kọjá àárín. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sókè kí omi má baà wọ inú ọ̀ọ̀lẹ̀.

Ògiri ilé náà ti ń hunjọ. Oòrùn tó wà lára ògiri hunjọ pẹ̀lú rẹ̀.

Aṣọ náà sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ni mo fi gbọ́ ọ.

"Kò sí ẹni tó bi mí nínú ẹ̀yin méjèèjì," ó wí.

Mo ní kó máa sọ.

"N kò ní inú. Mo ní òkè, mo ní ìsàlẹ̀, ó parí. Bí ẹ bá fà mí gùn, ìbú mi a súnkì. Aṣọ tó nípọn a gba ìsúnkì náà sínú ara. Èmi kò ní inú tí n ó gbà á sí. Mo máa gbé e gba òkè. Bí òkè bá kún, mo máa gbé e gba ìsàlẹ̀."

"Ṣé o máa ya?"

"N kò ní ya. Wàhálà yín nìyẹn. Ohun tó ń ya, èèyàn a mọ ibi tó parí sí."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Kò sí ẹni tó lè fà mí borí," ó wí. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tì mí, n kò ní agbára kankan. Ọmọdé lè tì mí."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó sọ pé ó tó.

"Kò tíì tó."

"Ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀."

"Mo rí i. Òun ló jẹ́ kó hunjọ. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, a óò fà á, yóò tẹ́."

"Bó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ṣé yóò padà?"

Ó nu òjò kúrò lójú pẹ̀lú èjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Ràfíù. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ǹjẹ́ mo sọ pé ó tó rí nígbà tí kò tíì tó?"

"Rárá."

"Máa fà á nígbà náà."

Kì í ṣe pé ó le sí mi. Mo mọ ohùn rẹ̀ bó bá ń bínú. Òtútù ló ń mú un. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú òjò, mo rí àwọn ènìyàn tó dúró, wọ́n pọ̀, awọ gbogbo wọn tẹ́. Wọn kò bá wa dá sí i. Wọ́n ń dúró de òrùlé.

Mùíbátù ti súnmọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó bẹ́ẹ̀ tí òjò fi ń kan ìborùn rẹ̀. Ó yíjú padà sí mi. Kò pariwo.

"Bàbá," ó wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ ń fà á ni?"

Mo ní èmi ni.

Bí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò já sínú kànga. Bí mo bá ń fà á, yóò dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo bọ́ bàtà mi. A kì í fi bàtà tẹ aṣọ aláṣọ, n kò sì fi tẹ aṣọ rí. Mo tẹ́ ẹsẹ̀ aṣọ náà sílẹ̀ ní etí kànga, mo gbé bàtà mi méjèèjì lé e. Ó dúró. Nítorí pé kò wúwo, bàtà tó o.

"O ti jọ̀wọ́ rẹ̀?" ẹ̀gbọ́n mi kígbe láti inú òjò.

"N kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Bàtà mi wà lórí rẹ̀."

"Bàtà rẹ."

"Èmi ni mo ni ín."

Ó rò ó. Ó máa ń rò ó bẹ́ẹ̀ bí oníbàárà bá ní kí a dín owó. Ní ìkẹyìn ó mi orí. "Bàbá wa kò sọ nǹkan kan nípa bàtà," ó wí.

Mo gba etí kànga lọ yí i ká. Ilẹ̀ ń jìn bí mo ti ń rìn. Mo kọjá ìlà náà, òjò bá mi. Kì í ṣe òjò tí mo mọ̀. Ó ń wọ ara, kì í dúró lórí awọ. Mo dé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi. Mùíbátù kù díẹ̀ kó kan ọwọ́ rẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì, mo di orí aṣọ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, mo fi àyà ti ẹ̀gbọ́n mi síwájú.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń ti aṣọ."

"A kì í ti aṣọ."

"Mo mọ̀."

Ó wúwo. Ó fi gìgísẹ̀ dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó dúró sí jẹ́ ẹrẹ̀, ó sì ń yọ̀ síwájú níwájú mi bí àpótí. Bí a ti sún síwájú, àwọn poro gígùn náà tẹ́, wọ́n sì lọ. Aṣọ náà hunjọ ní ìbú. Ebè yọ nínú rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan níwájú ọ̀kan. Mùíbátù dúró. Ebè kan ti yọ láàárín òun àti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

"Di ebè mú," mo wí. "Máa gùn ún padà."

"Ọ̀ọ̀lẹ̀ ńkọ́?"

"Jù ú nù."

Ó jù ú. Abọ́ náà wọ inú kànga lọ. A kò gbọ́ ìgbà tó dé ilẹ̀.

Ó dojú kọ ibi tí bàtà mi wà. Ó fi ọwọ́ di ebè, ó gun ọ̀kan, ó sọ̀ sínú poro, ó tún gun èkejì. Mo ń tì. Bí mo bá sinmi, àwọn ebè náà a rọlẹ̀, yóò sì máa yọ̀ padà sọ́dọ̀ wa. Bí mo bá tì, wọn a ga sí i. Ibi tí aṣọ náà gùn sí tẹ́lẹ̀ ń fara pamọ́ sínú ebè, aṣọ náà ń kúrú, àwa sì ń bọ̀ sétí kànga. Ìka ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wà lókè òfo. Kò dá mi dúró mọ́. Ó ń wo ọmọ náà.

"Ó mọ̀ ọ́n gùn," ó wí. "Bí ìyá rẹ̀."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Òun náà ò ní òrùlé."

Mo ti aṣọ. Mùíbátù fi orúnkún gun ebè tó kẹ́yìn. Ó fo bàtà mi kọjá, ó sì dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ, nínú oòrùn. Aṣọ rẹ̀ ń gbẹ bí mo ti ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́yìn kúrò létí kànga. Àwa méjèèjì fa aṣọ náà kí ó tẹ́. Àwọn ebè náà kò lọ. A fà á títí apá fi ro wá. Wọ́n rẹlẹ̀ díẹ̀, nígbà tí a dẹ ọwọ́, wọ́n padà.

"Ohun tí wọ́n bá ti ṣe mí, n kì í gbàgbé," aṣọ náà wí.

"Kò ní tẹ́ mọ́," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Kò ní tẹ́ mọ́."

"Kò ní bo gbogbo wa báyìí. Ó ti kúrú. Omi yóò sì máa dúró nínú poro rẹ̀."

"Ẹ má bínú."

"N kò bínú." Ó wo àwọn tó dúró lẹ́yìn, ó tún wò mí. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wà lábẹ́ rẹ̀ tí yóò máa fi ọwọ́ gbé ibi tí omi bá dúró sí, kí ó lè ṣàn lọ. Èmi nìkan ò lè ṣe é. Èèyàn méjì ló gbà, ọ̀kan ní orí, ọ̀kan ní ẹsẹ̀."

Mo yíjú sí ọ̀nà tí mo gbà wá. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀. Etí kànga ti di ògiri, ògiri náà ga, ó sì tẹ́ bí ẹni pé wọ́n lù ú.

Mùíbátù ń pè mí láti ọ̀hún. Ó ní kí n wá wọ bàtà mi, pé ilẹ̀ gbóná. Ohùn rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ mi ní ìhunjọ-ìhunjọ, apá kan lókè, apá kan nísàlẹ̀. Mo ní kó máa lọ sílé ọkọ rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Mo wo ọwọ́ mi. Òjò ti ń wọ inú rẹ̀. Ìhunjọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi ti ń lọ, láti ọrùn ọwọ́ bọ̀ wá sí ìka.

"Ẹ̀gbọ́n," mo wí, "ṣé ó tó?"

"Ó tó," ó wí.

Ẹsẹ̀ aṣọ náà yọ kúrò lábẹ́ bàtà, ó fò lórí kànga wá sọ́dọ̀ wa, kò sì dún. Mo mú un. A gbé e sókè lórí wa, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, a sì rìn wọ àárín àwọn tó ń dúró. Wọ́n yà fún wa. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sínú poro tó wà lókè orí mi, mo sì fi ọwọ́ gbé e, ó ṣàn lọ.

Bàtà mi kù sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ti ń ràn, méjèèjì, lórí ilẹ̀ lásán.